Jàre Nìkan Ni Mo Gé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ẹ le? Ṣé o jẹun lónìí? Ṣé wọn ò tíì lé ẹ níbi iṣẹ́? Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi ìbéèrè kẹrin yìí mọ́ ìkíni, ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà yàrá ẹ àti ti obìnrin tí ẹ jọ ń gbé, àmọ́ ọwọ́ mi ló sáré kọ ọ́ kí n tó dá a dúró, mi ò sì fẹ́ pa á rẹ́ kí lẹ́tà má lọ rí wúruwùru lójú ọ̀gá ẹ tó bá ṣèèṣì rí i. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ. Ọlọ́run á fojú àánú wo ìwọ àti ọ̀gá ẹ, pàápàá ọ̀gá ẹ. Ibi tí o bá jókòó sí, wọn ò ní ní kó o dìde níbẹ̀. Àga ẹ ò ní yẹ̀. Tábìlì ẹ ò ní di ti ẹlòmíì. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún ẹ ò ní padà sọ́wọ́ wọn. Àmín.

Àwa náà wà. Orúnkún mi ṣì ń ké tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ òun kọ́ ni ìṣòro mi. Àbúrò ẹ ọkùnrin ti ń bá àwọn akunlé ṣiṣẹ́, wọ́n gbé ògiri ìta ilé ìwòsàn fún un, ó sì kùn ún ní àwọ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ò tíì fẹnu kò lórí orúkọ ẹ̀. Òrùlé ò jò mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì ń há.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n lè rí èémí mí. Láti àná tí o ti pè mí, tí o ní Màmá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lẹ gé wá, gbólóhùn ẹ̀ dà, tí mo ní gbólóhùn wo, tí o wá ní ọ̀gá yín pè ẹ́ wọ ọ́fíìsì, pé tó bá fi máa di Fúráìdé tí, tí fóònù sì gé síbẹ̀, mi ò tíì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Tó bá fi máa di Fúráìdé tí kí ló ṣẹlẹ̀? Mo mi fóònù náà. Mo fi í sí etí òsì, mo fi í sí etí ọ̀tún, bóyá ìyókù ọ̀rọ̀ ẹ ṣì há sínú ẹ̀. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, mo yọ bátìrì, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Nígbà tí mo wá tẹ nọ́ńbà ẹ, obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí mò ń pè kò sí nítòsí. Àyà mi là gààràgà. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ti fi rọ́pò ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wá kó ẹrù ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa ni, ó kàn ń tètè sunkún ni. Ohun tó kọ́kọ́ sọ náà ló ń tún sọ. Ohùn ẹ̀ tutù, mo wá rí i pé iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Mo pa fóònù náà, mo jókòó sórí àpótí aṣọ, mo káwọ́ lérí.

Jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó o lè rí i pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Nínú lẹ́tà tí o kọ ní oṣù méjì sẹ́yìn, o ní ibi iṣẹ́ yín tí ẹ ti ń ṣe ìwé ńlá tó ń túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ, wọ́n ti fún ẹ ní iṣẹ́ tí wọ́n máa fi dán ẹ wò. O ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, jàre lórúkọ ẹ̀. O ní àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni jàre, pé ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ sílẹ̀, pé kò yẹ ní ẹni tó ń bá àwọn ọ̀rọ̀ gidi jókòó nínú ìwé. O ní ìwọ wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé irọ́ ni, pé ó wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà nínú magasíìnì, ibi gbogbo ló wà, wọ́n sì ní kó o mú un wá, àádọ́ta ó kéré tán, èyí tí wọ́n tẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ. Tó o bá mú un wá, jàre wọ ìwé, ìwọ náà di òṣìṣẹ́ tí kò ní lọ mọ́. Tí o ò bá mú un wá, o ò kọ ìyókù, o kàn tẹ àmì tó-tò-tó mẹ́ta tẹ̀ léra síbẹ̀, àmì yẹn ló sì kọ́kọ́ já mi láyà.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kẹ̀! Ọmọ tí mo tìtorí ìwé ẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ kejì, òun ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé kó máa tọ́jú. Mélòó ni wọ́n fún àwọn yòókù? Ká tiẹ̀ ní wọ́n fún ẹ ní ilé, tàbí omi, tàbí owó, ọ̀rọ̀ tó wúwo, tí èèyàn máa rí mú dání. Jàre! Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ tí kò mọ̀ pé òun sọ ọ́. Mo rò ó pé bóyá wọn ò fẹ́ràn ẹ ni.

Àmọ́ o ní Màmá, ìwé ìròyìn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ bá mi wá a jàre. Kí ni ìyá máa ṣe? Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé ìròyìn ni mo fi ń jẹun. Ọwọ́ onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ni mo ti ń rà á ní kílò kílò tí àwọn oníbàárà ẹ̀ bá ti kà á tán, magasíìnì sì ń wá látọ̀dọ̀ akọ̀wé ilé ìwòsàn, èyí tí àwọn aláìsàn ti yẹ̀ wò títí tí etí ẹ̀ fi ká. Tí èèyàn bá wá ránṣọ, màá fi tépù wọ̀n ọ́n, màá ya ara ẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, màá gé e, màá kọ iṣẹ́ tó ń ṣe sí i lára, màá fi kọ́ ìṣó. Tó bá tún mú aṣọ wá lọ́dún tó ń bọ̀, kò sí wàhálà ìwọ̀n mọ́, màá kàn yọ ọ́ wá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i lára ògiri yẹn. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn, iwájú, apá, kọ́là. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá jàre lára wọn nìyẹn, torí èyí tó wà nílẹ̀ lè fò lọ, àmọ́ èyí tó wà lórí ìṣó, mo mọ ibi tí mo fi í sí.

Mi ò mọ̀ pé ìwé kíkà máa ń bani lẹ́rù báyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń gé wọn, mi ò ka ìlà kan rí, ibi tí kọ́là máa yí sí ni mò ń wò. Ó di ìgbà tí mo gbé awò sójú, mo jókòó sílẹ̀, mo fi ìka tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kọ nípa bọ́ọ̀lù ní kí agbábọ́ọ̀lù kan lọ jókòó sílé jàre. Obìnrin tó ń dá àwọn tí ọkọ wọn ń dà láàmú lóhùn nínú magasíìnì ní fi í sílẹ̀ jàre, máa bá tìẹ lọ. Àwọn tó ń ta ọṣẹ ní wá fọ aṣọ ẹ jàre. Ẹnì kan kọ̀wé sí olóòtú pé ẹ ṣàánú wa jàre. Òmíràn ní ẹ kú iṣẹ́ jàre. Mo wá ń wo àwọn ibi tí kò sí. Tí mínísítà bá sọ̀rọ̀, kò sí níbẹ̀. Tí ilé ìfowópamọ́ bá kéde, kò sí níbẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò àwọn tó kú, mo wá a títí, kò sí ẹyọ kan. Ibi tí ẹnì kan bá ti ń rẹ́rìn-ín, tàbí tó ń bẹ̀bẹ̀, tàbí tí nǹkan ti sú u, ibẹ̀ ni mo ti ń bá a pàdé. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn wúlò fún ẹ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ kó o má baà ní mi ò ṣe nǹkan kan.

Èyí tó fẹ́ pa mí ni ti apá aṣọ káfíńtà. Mo kà á níbẹ̀ pé ilé méjì ti wó létí odò nínú ìlú ńlá, ìkẹta sì ti ń ya, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ sá jàre! Ọmọ mi, ìlú ńlá yẹn gan-an lo wà. Mo ju awò sílẹ̀, mo sáré jáde láìwọ bàtà, mo ń ké pe àbúrò ẹ pé kó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà nínú ewu. Ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà ló ti da ọ̀dà sílẹ̀, ó ta sára obìnrin kan tó wá gba abẹ́rẹ́. Tíṣà Àgbà, ìyẹn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló gba apá aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo òkè ẹ̀, wọ́n ní ẹ wo ọjọ́ tó wà níbí, ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí ilé yìí ti wó. Wọ́n ní ọmọ yín wà ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn. Mo ní ẹ ṣeun, àmọ́ ìkẹta tó ń ya ńkọ́? Wọ́n dá apá aṣọ náà padà fún mi. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó wó. Bá mi béèrè.

Ti fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ pé kí n máa kọ ibi tí mo ti rí jàre kọ̀ọ̀kan sí, mo ti kọ gbogbo ọgọ́ta ẹ̀, o sì ti gbà á, àmọ́ ẹ̀rù ẹ̀ náà ń bà mí báyìí. Níbi tí wọ́n ti ní orúkọ ìwé ìròyìn, mo rí orúkọ, mo kọ tèmi. Níbi tí wọ́n ti ní ọjọ́, mo kọ ọdún tí afárá ìlú wa wó, torí ọdún yẹn ni wọ́n bí mi. Níbi tí wọ́n ti ní ojú ìwé, mo ka fọ́ọ̀mù náà, ojú kan ló ní, mo kọ ọ̀kan. Irú ìlò, mo ní a lò ó dáadáa. Ó wá ku àpótí ńlá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní àkíyèsí. Mo rò ó pé ọ̀gá yín fúnra ẹ̀ ló máa ka ibẹ̀, ni mo bá kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má lé ọmọ mi, bàbá ẹ̀ ti kú. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́ ìkọ̀wé mi rí jágajàga, àmọ́ nígbà tí mo fi máa dé ọgọ́ta, ó ti dára gan-an. Tíṣà Àgbà ní bóyá ìyẹn ló mú kí ọ̀gá yín pè ẹ́ wọ ọ́fíìsì. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ó bínú? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Tó bá jẹ́ obìnrin, sà tí mo kọ yẹn ńkọ́?

O tún ní kí n kàn fi fóònù ya ìwé ìròyìn náà ránṣẹ́. Ọmọ mi, mo ṣe é. Mo gbé fóònù náà lé orí ìwé láti àárọ̀ di ọ̀sán, nígbà tí mo wò ó kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo dojú ẹ̀ dé, mo gbé áyọ́ọ̀nù tútù lé e kó lè wọnú ẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ló ti sán níkùn. Mi ò bá ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí mo rò ó pé wàá bínú.

Ni mo bá ní ó tó, ọwọ́ mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Mo mú sísọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń gé ojú bọ́tìnnì. Mo rò ó pé kí lèèyàn máa kó odindi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí fún, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n fún ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́, àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ní ẹni tó ń tọ́jú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé jàre. Bí mo bá rí i, màá gé e jáde láìfi lẹ́tà kan ti ẹ̀gbẹ́ kún un, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní a jí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógóje. Àádọ́ta ni wọ́n ní kó o mú wá, ọmọ mi! Mo jó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan wá ṣílẹ̀kùn, atẹ́gùn wọlé, gbogbo jàre fò sókè, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì pa wọ́n mọ́lẹ̀ lára ògiri. Mo wá rò ó pé ṣé bí wọ́n ṣe máa fò lórí tábìlì ọmọ mi nìyí? Ni mo bá tẹ́ aṣọ funfun pélébé kan, mo rán wọn mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó tóbi jù ní òkè, èyí tó kéré jù ní ìsàlẹ̀, abẹ́rẹ́ ò gun lẹ́tà kankan, mo sì ká etí aṣọ náà mọ́lẹ̀ yíká. Láti ọdún yìí, mi ò tíì rán nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé pósítọ́fíìsì, akọ̀wé ní kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní jàre. Ó ní òun ò bá mi ṣeré, kí ló wà níbẹ̀ jàre. Mo ní òun náà nìyẹn.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ̀rù tuntun kan bà mí, mo bi í pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti gé ọ̀pọ̀ ẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn, ṣé àwọn tó kọ ọ́ ò ní wá a bọ̀. Ó kàn lu òǹtẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpè àná.

Lónìí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà Tíṣà Àgbà. Mo ní ẹ gbà mí, ọmọ mi ní gbólóhùn dà. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní jàre tí a gé jáde báyẹn dà bíi bọ́tìnnì tí kò sí lára aṣọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé bọ́tìnnì ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò mọ aṣọ tó dè. Wọ́n ní ohun tí àwọn ọ̀gá yín fẹ́ rí ni iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tó ti ń bẹ èèyàn, ibi tó ti ń lé èèyàn, ibi tó ti ń dúpẹ́, ìwé ìròyìn wo, ọjọ́ wo. Ọmọ mi o! Mo rí i pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ẹ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Mo sunkún níwájú ọkùnrin tí kì í ṣe ìbátan mi, ojú ò sì tì mí.

Àwọn ló ní ìwé tí mo gé e lára wọn dà. Mo ní wọ́n wà lára ògiri. A lọ síbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti lu jára, ihò, ihò, ihò. Wọ́n yọ ẹ̀yìn ìyàwó oníbúrẹ́dì, wọ́n gbé e sókè sójú ìmọ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú ihò náà. Ẹ fún wa lómi. Wọ́n dúró. Ẹ dá wa lóhùn. Wọ́n tún dúró. Wá jẹun. Sún sọ́hùn-ún. Mo ní Tíṣà, ta ni wọ́n ń bínú sí? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bínú, ibi tí ẹ ti gé e nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Àwọn èèyàn tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún omi tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pàṣẹ. Gbogbo ògiri ló ń pàṣẹ. Tíṣà ní ohun tó yẹ kí ọ̀gá ọmọ yín gbọ́ nìyí, wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́.

Torí náà, gbogbo ẹ̀ ló ń bọ̀. Mo ti ká wọn sínú àpò méjì, awakọ̀ tó ń wá sọ́hùn-ún láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ló máa gbé wọn, tó bá sì máa fi di Tọ́sìdeè wàá ti rí wọn. Mú aṣọ tí mo rán yẹn, tú òwú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó o fi jàre kọ̀ọ̀kan dán ihò kọ̀ọ̀kan wò. Mo gé wọn dáadáa, wọ́n máa wọlé. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ihò láti orí èyí tó tóbi jù, ti orí aṣọ náà sì tẹ̀ léra bẹ́ẹ̀ láti òkè. Àmọ́ mo bẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ àwọn èèyàn àti ìwọ̀n wọn wà lára ìwé wọ̀nyí. Má jẹ́ kí àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì yín mọ bí ìdí ìyàwó oníbúrẹ́dì ṣe fẹ̀ tó. Obìnrin tó ń tijú ni.

Ìṣó nìkan ló kù lára ògiri báyìí. Káfíńtà wá béèrè ṣòkòtò ẹ̀, mo ní ìwọ̀n ẹ̀ ti ń lọ sí ìlú ńlá, ó ní ibi wo lára òun ló ń lọ, mo ní láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa gbìyànjú aránṣọ tó wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn. Ẹni kejì tó sọ bẹ́ẹ̀ lónìí nìyẹn. Màá ní láti tún gbogbo èèyàn wọ̀n, ojú mi ò sì rí nọ́ńbà orí tépù dáadáa mọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹ, jọ̀ọ́, fi èyí tí mo lè fi ra bébà tuntun àti awò tuntun ránṣẹ́. Má fi sí ilé ìfowópamọ́. Ilẹ̀kùn wọn mú mi sáàárín gíláàsì méjì nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, mo ń bẹ̀ ẹ́, kò ṣí, ohùn kan sì ní kí n yọ irin ara mi, mo ní irin wo, abẹ́rẹ́ ló wà ní kọ́là mi. Fi rán awakọ̀. Tí kò bá sì sí owó, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé ẹ, má ta nǹkan kan, má yá, wá sílé. Yàrá ẹ wà níbẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù tí mi ò tíì sọ. Mo ti fẹ́ fi í pamọ́ fún ẹ, àmọ́ mi ò lè parọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Ìwé kan wà lára ògiri tí mi ò gé jàre kúrò lára ẹ̀. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo rí wọn, mo gbé sísọ́ọ̀sì sí i, ọwọ́ mi kọ̀. Ti bàbá ẹ ni. Ṣẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀yìn tí mo rán fún wọn. Ọjọ́ tí mo wọ̀n wọ́n, ìwé ìròyìn yẹn gan-an ni wọ́n ń kà lọ́wọ́, ìtàn àwọn aládùúgbò méjì tó ń jà nítorí rédíò, mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn torí pé kò sí òmíràn tó fẹ̀ tó èjìká wọn. Wọ́n bínú pé àwọn ò tíì kà á tán. Mo ní ẹ sinmi jàre. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ bíríkìlà dé, ara wọn á kún fún sìmẹ́ńtì, wọ́n á dúró síwájú ògiri yẹn, wọ́n á máa ka ìtàn náà lára ẹ̀yìn ara wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Àgbà kà á lónìí. Ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò náà ní ẹ yí rédíò yín wálẹ̀ jàre. Èkejì ní ẹ lọ sùn jàre. Nígbà tí rédíò wá bàjẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá a tún un ṣe, èkejì ní ẹ ṣé jàre. Orúkọ ìwé ìròyìn wà lókè ẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, kò sí ihò kankan. Tíṣà ní ìwé kan ṣoṣo yìí ni ọ̀gá yín máa gbà láì jiyàn, pé tí àwọn yòókù bá tiẹ̀ kùnà, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi eléyìí bẹ̀rẹ̀. Mo ní Tíṣà, ìyẹn ò ní lọ. Wọn ò bá mi jà, wọ́n kàn lọ sílé wọn.

Láti ọ̀sán ni mo ti ń wo ìwé náà. Ó ti wà nínú àpò báyìí, òun ló wà lókè pátápátá, mo fi páálí sí abẹ́ ẹ̀ àti orí ẹ̀ kó má baà ká. Sọ fún ọ̀gá yín kó má fi ẹ̀rọ lu ihò sí i, kó má kọ nǹkan sí i. Tí wọ́n bá wò ó tán, dá a padà fún mi. Tí wọ́n bá sì ní àfi kí ó dúró sọ́dọ̀ wọn kí iṣẹ́ ẹ tó dúró, fi í sílẹ̀ fún wọn, má bá wọn jiyàn, má sunkún. Èjìká bàbá ẹ jẹ́ ínṣì mọ́kàndínlógún, ti òsì fi díẹ̀ wálẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ nítorí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń gbé. Ọrùn wọn jẹ́ mẹ́rìndínlógún ààbọ̀. Apá wọn jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Mi ò nílò bébà fún ìyẹn.

Ọlọ́run á bá ẹ wọ ọ́fíìsì yẹn ní Fúráìdé. Á fi ọ̀rọ̀ sí ẹ lẹ́nu, á sì fi etí sí ara ọ̀gá ẹ. Tí wọ́n bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ tán, ohun yòówù kó jẹ́, pè mí, kó o sì rí i pé o parí ọ̀rọ̀ ẹ kí fóònù tó gé.

Èmi ni,
ìyá ẹ, tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀.